Ọrẹ Tí Ó Rin Ìrìn-àjò Tí Ó Sì Padà Sílé: Kòkó Agége àti Ìwé Àwọn Ọmọ Wa

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òyìngbò lónìí, tí ó ń lọ sí Agbádó, yóò kọjá ní Yábàá, Múṣin, Òṣòdì, Ìkẹjà àti Agége. Bí ó bá wo ìta láti ojú fèrèsé, ilé ni yóò máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, àti òrùlé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Bí a bá wí fún un pé oko kòkó àti oko obì ni ó bo ilẹ̀ Agége rí, ó lè rò pé àlọ́ ni a ń pa fún òun. Òtítọ́ ni, kì í ṣe àlọ́. Ojú irin tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896 gba ibẹ̀ kọjá, òun ni ó sì ń kó èso àwọn oko náà wá sí etí òkun.

A kò mú ọ̀rọ̀ kòkó wá nítorí kòkó nìkan. Ní àkókò tiwa yìí, ìtọrẹ àánú kò wọ́n ní Ìkẹjà àti Agége. Bí ọdún bá dé, a ó rí àwọn olówó àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń pín ìrẹsì àti aṣọ; a ó sì rí àwọn aláìní tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú oòrùn láti gba tiwọn. A kò bú àwọn tí ń pín in, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹsì a máa tán, aṣọ a sì máa gbó. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ẹ̀yin òǹkàwé wa ni èyí: irú ọrẹ wo ni kì í tán lọ́wọ́ ẹni tí a fún, tí ó ń ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, àní títí dé ìlú tí olùfúnni kò dé rí? Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ Agége fúnra rẹ̀ dá wa lóhùn.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni James Pinson Labulo Davies ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí ní ọdún 1828. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ẹni tí ó ti inú ọkọ̀ ẹrú jáde kò ní ogún tí yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1845 ni ó fún ọmọ yìí ní ogún tirẹ̀: ó kọ́ ọ ní ìwé, ó kọ́ ọ ní ìṣirò àti èdè àtijọ́. Owó tí àwọn ènìyàn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ dá jọ ní ìlú Òyìnbó ni ó ró irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Davies wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó di ọ̀gá nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tí ó lówó jù lọ ní etí ọ̀sà.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ẹnu, kò gbàgbé bí òun ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1859, ó mú £50 fún Àlùfáà Thomas Babington Macaulay kí ó fi ra ìwé àti ohun èlò fún ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó fẹ́ dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé ẹ̀kọ́ yìí, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí C.M.S. Grammar School, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà péré. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá rí ọmọ mẹ́fà lọ́jọ́ náà lè fi £50 ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n láti inú ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni àwọn akọ̀wé, àwọn àlùfáà, àwọn olùkọ́ àti àwọn amòfin ti ń jáde láti ìgbà náà títí di òní, àwọn pẹ̀lú sì ti kọ́ ẹlòmíràn tí a kò lè kà tán.

Ìyàwó tí Davies gbé ní ọdún 1862, Sarah Forbes Bonetta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Àìná, mọ ohun tí ọrẹ jẹ́ ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó o lọ nígbà tí ó wà ní kékeré. Ní ọdún 1850, Ọba Gezo fi ọmọ náà tọrẹ fún Ọbabìnrin Victoria láti ọwọ́ Ọ̀gágun Forbes. Ẹ kíyèsí i: ènìyàn ni a fi tọrẹ bí ẹni fi àgbò tọrẹ. Ọbabìnrin náà gba ìtọ́jú rẹ̀, ó sì mú kí ó kàwé ní Freetown àti ní England. Inú rere ni èyí, ó sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ ikú. Síbẹ̀ okùn wà nínú oore yìí. Nítorí nígbà tí Davies wá tọrọ rẹ̀, ọmọbìnrin náà kò kọ́kọ́ fẹ́, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ni ó tì í títí ó fi gbà. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo ọrẹ ni kò ní ẹ̀gún. Ẹni tí ó fún ni tí ó tún di ìdí okùn mú kò tíì fún ni tán.

Ọrọ̀ Davies kò dúró. Ní nǹkan bí ọdún 1875 sí 1880, òwò rẹ̀ dà rú, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹlòmíràn ì bá fi ìtìjú sá wọlé. Davies wá ilẹ̀ sí Ìjọ̀n, tí kò jìnnà sí Agége, ó sì ń ṣe oko. Ní ọdún 1879 àti 1880, ó gba irúgbìn kòkó láti inú ọkọ̀ àwọn ará Bràsíl àti láti erékùṣù Fernando Po, ó sì gbìn ín. Ọdún 1880 yìí kan náà ni àrùn ẹ̀dọ̀fóró pa Àìná ní erékùṣù Madeira, níbi tí ó lọ fún ìwòsàn. Ọkọ rẹ̀ ri òkúta ìrántí kan fún un ní oko Ìjọ̀n. Láàárín ọ̀fọ̀ àti ọ̀fọ̀, láàárín gbèsè òwò àti ikú ìyàwó, ni kòkó ilẹ̀ Èkó ti hù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti gbé kókó nìyí. Davies kò fi ẹ̀kọ́ kòkó pa mọ́ bí ẹni tí ó rí ìṣúra. Lára àwọn tí ó kọ́ nípa rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1866. Coker fi òwò Èkó sílẹ̀, ó sì ṣí oko ńlá ní Ìfàkọ̀ Agége. Ní ọdún 1907, òun àti àwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a pè ní Agege Planters' Union, Coker sì ni olórí wọn. Òun kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn òpó Ìjọ African, èyí tí ó yà kúrò lára ìjọ àwọn Òyìnbó ní ọdún 1901, ó sì ná owó oko rẹ̀ sórí ìjọ náà àti ilé ìwé rẹ̀.

Àwọn olóko Agége nílò òṣìṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń wá láti Iléṣà, láti Oǹdó, láti Èkìtì àti láti Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ kòkó yàtọ̀ sí igi mìíràn. Wọ́n ń ro oko, wọ́n ń gbin ọmọ kòkó, wọ́n ń já a, wọ́n ń là á, wọ́n ń sá a. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má rele. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, owó iṣẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n mú lọ. Wọ́n mú irúgbìn kòkó, wọ́n sì mú ìmọ̀ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn oníwàásù Ìjọ African pẹ̀lú, bí wọ́n ti ń gbé Bíbélì wọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ̀kọ́ kòkó wọ̀ ọ́. Bí igbó Ìjẹ̀ṣà àti ti Oǹdó àti ti Èkìtì ṣe kún fún kòkó nìyẹn. Oko Ìfàkọ̀ di ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ògiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì gba owó bí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́.

A kò ní ṣe àsọdùn. Kì í ṣe àánú lásán ni ó mú àwọn olóko yìí gba àlejò. Wọ́n ń wá apá tí yóò ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì le. Ohun tí a ń yìn ni pé wọn kò sé ilẹ̀kùn mọ́ ìmọ̀. Wọn ì bá wí pé kí kòkó má jáde kúrò ní Agége kí owó lè dúró sọ́dọ̀ àwọn nìkan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní olówó kan láàárín òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì keje ni. Ó sì dára tí wọn kò fi pa mọ́, nítorí ilẹ̀ Agége fúnra rẹ̀ kò lè gbé kòkó pẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilẹ̀ rẹ̀ ṣá, owó kòkó já wálẹ̀ ní ọdún 1920 sí 1921, gbèsè sì bo ọ̀pọ̀ àwọn olóko náà. Wọ́n yí padà sí obì gbànja, àwọn oníṣòwò Hausa sì ń wá rà á, títí apá kan nínú wọn fi di ará Agége. Coker kú ní ọdún 1945. Bí ó bá ṣe pé oko Agége nìkan ni kòkó wà, ìtàn ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn ti rìn jìnnà.

Ẹ wá wo bí ó ti ṣe padà. Ní ọdún 1947, ìjọba dá Ìgbìmọ̀ Títa Kòkó sílẹ̀, èyí tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye kan, tí ó sì ń tà á fún àwọn ará òkèèrè ní iye tí ó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrè tí ó kù ń kó jọ. Nígbà tí a pín ìgbìmọ̀ yìí sí agbègbè agbègbè ní ọdún 1954, ìpín ti Ìwọ̀-oòrùn bọ́ sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú ohun tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbára lé. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ mọ ohun tí a ń wí. Baba rẹ̀ kú ní ọdún 1920 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìránṣẹ́ ni ó sì fi sin ara rẹ̀ ní ilé ìwé. Ní oṣù Keje ọdún 1952, Olóyè Stephen Olúwọlé Awókòyà, mínísítà ẹ̀kọ́, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1955, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé ní ọdún 1954 kò ju nǹkan bí 457,000 lọ. Ní ọdún 1955 wọ́n lé ní 811,000.

Ìkẹjà, Agége àti Múṣin wà lábẹ́ Ìwọ̀-oòrùn nígbà náà. A kò yọ wọ́n kúrò títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nítorí èyí, ọmọ alágbàṣe ní Agége wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìgboro Èkó dúró títí di ọdún 1957. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rò ó wò. Irúgbìn tí ó jáde láti Agége ní ọwọ́ alágbàṣe padà dé Agége, ó sì ti di pátákó ìkọ̀wé àti ìwé kíkà lọ́wọ́ ọmọ alágbàṣe.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé kì í ṣe ọrẹ ni èyí, níwọ̀n ìgbà tí a kò bi àgbẹ̀ kí a tó mú èrè rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìjọba tún bu owó orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé àwọn ènìyàn nítorí ẹ̀kọ́ àti ìwòsàn. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì pàdánù ìbò ìjọba àpapọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn ní ọdún 1954. Oúnjẹ tí ó dùn kì í ṣe aláìní iná nísàlẹ̀. Bí a bá fẹ́ bọlá fún ẹni tí ó san owó ìwé wa, àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ nínú oko kòkó, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba Ìwọ̀-oòrùn la ilẹ̀ Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́. Àwọn Guinness ṣí ilé ìpọntí wọn ní Ògbà ní ọdún 1962. Àwọn Dunlop bẹ̀rẹ̀ sí ṣe táyà ní ọdún 1963. Ilé iṣẹ́ irú èyí kò lè máa wá gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti òkè òkun. Ó ń fẹ́ ẹni tí ó lè ka ohun tí a kọ sí ara ẹ̀rọ, ẹni tí ó lè kọ iye ọjà sínú ìwé, ẹni tí ó lè ka àkọlé ewu kí ó tó fi ọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ ọdún 1955 ń dàgbà bọ̀ nígbà náà, wọ́n sì ń wọ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èrò pọ̀ sí i, ilé ìwé kò tó mọ́, títí àwọn ọmọ fi ń lọ ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán nínú yàrá kan náà. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè di gómìnà ní ọdún 1979, ó kọ́ yàrá ìkàwé púpọ̀ kíákíá, ó sì fi òpin sí pínpín ọjọ́ ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fi ilé ìwé náà ṣe ẹlẹ́yà pé wọn kò lẹ́wà. Ọmọ tí ó jókòó nínú wọn láti òwúrọ̀ di ọ̀sán kò ṣe ẹlẹ́yà.

Ilé iṣẹ́ pẹ̀lú kì í wà títí. Ní ọdún 2008 ni ṣíṣe táyà dúró ní Dunlop ti Ìkẹjà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ bá tì báyìí, owó oṣù a dúró lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà ní orí òṣìṣẹ́ kò sí nínú ohun tí a ń tì mọ́ inú ilé. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ tún lè fi ìmọ̀ náà jẹun níbòmíràn, ó sì lè fi kọ́ ọmọ. Ẹni tí kò mọ̀ ju kí ó gbé ẹrù lọ ni ó máa ń bá ara rẹ̀ ní ìta láìní ohun kan lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọrẹ ẹ̀kọ́ àti ọrẹ oúnjẹ nìyẹn.

Nísinsìnyí, kí ni kí a ṣe? Òfin ọdún 2004 wí pé kí gbogbo ọmọ kàwé fún ọdún mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dúró ní ibùdókọ̀ Ìkẹjà tàbí ti Agége ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ ìwé yóò rí ọmọ tí ń gbé omi inú ọ̀rá tàbí gúgúrú lé orí, tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Owó ilé ìwé lè má sí, ṣùgbọ́n owó aṣọ, owó bàtà, owó ìwé àti owó ọkọ̀ ń bẹ. Ìyá rẹ̀ sì ń fẹ́ kí ó mú nǹkan wálé lálẹ́. Àwọn ohun kékeré wọ̀nyí ni ó ń lé ọmọ kúrò ní ilé ìwé.

Sí àwọn oníṣòwò tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ni a ń sọ̀rọ̀. Kò di dandan kí ènìyàn ní oko bíi ti Coker. Ọ̀kan nínú yín lè gba owó ìdánwò ọmọ kan rù. Ẹgbẹ́ ọjà kan lè ra ìwé fún kíláàsì kan ní ilé ìwé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wọn, kí wọ́n sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe ọdún kan ṣoṣo. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè gba ọmọ aláìní kan kọ́ṣẹ́ láìgba owó ìkọ́ṣẹ́, kí ó sì fi í sílẹ̀ ní àlàáfíà lọ́jọ́ tí ó bá gba òmìnira. Ilé iṣẹ́ lè ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kí wọ́n kọ́ bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Kòkó a máa gba ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so. Kí ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ ẹlòmíràn má ṣe béèrè èso lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ohun méjì ni a fi ń bẹ̀bẹ̀. Èkíní, kí a má ṣe fi okùn so ọrẹ wa; kí a má ṣe máa to ọmọ kalẹ̀ níwájú ènìyàn kí ó kúnlẹ̀ ya àwòrán, kí a má sì ṣe fi oore rán an létí lójoojúmọ́. Èkejì, kí a má ṣe béèrè ìlú baba rẹ̀ kí a tó ràn án lọ́wọ́. Ìbéèrè ibi tí ènìyàn ti wá kò lé ẹnikẹ́ni kúrò ní oko Ìfàkọ̀. Bí wọ́n bá ti lé ọmọ Iléṣà àti ọmọ Èkìtì padà pé kì í ṣe ará ibẹ̀, ẹni tí ó pàdánù jù lọ ni ọmọ Agége tí a kò tíì bí, ẹni tí ì bá jókòó sílé ní ọdún 1955.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé pọ̀ ní Ìkẹjà àti Agége lónìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ pẹ̀lú, tiwa àti ti aládùúgbò wa.